Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ èdè Rọ́ṣíà, kí ló mú yín kọ́ ọ?

Ọmọ_Ìwé:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kọ́ èdè Rọ́ṣíà. Mo ti mọ lẹ́tà 33 tí wọ́n ń lò, mo lè ka orúkọ ìlú lára máàpù, mo sì mọ ìkíni díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mi ò ní ẹbí níbẹ̀, kò sí iṣẹ́ kankan tó ń retí mi níbẹ̀. Nígbà tí mo wá ìdí kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ níbi gbogbo: pé ó wà lára èdè mẹ́fà tí Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ń lò, pé àwọn tó ń sọ ọ́ tó nǹkan bí 250 mílíọ̀nù, pé kò sí orílẹ̀-èdè tó fẹ̀ tó Rọ́ṣíà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tìtorí pé ilẹ̀ kan fẹ̀ jí ní ìdájí ṣí ìwé gírámà?

Ohun tí mo ń béèrè nìyí: kí ló mú ẹ̀yin kọ́ ọ, ṣé ohun náà ṣì ń fà yín títí di òní? Ẹ jọ̀wọ́, ti ara yín gan-an ni kí ẹ sọ fún mi. Mo tún fẹ́ gbọ́ èrò yín lórí ọ̀rọ̀ ogun, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kan ní kò tọ́ kéèyàn máa kọ́ èdè náà lásìkò yìí, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dà mí láàmú.

Awòràwọ̀:

Tèmi ò gùn. Òfurufú ni. Láti July 2011 tí ọkọ̀ Shuttle ti Amẹ́ríkà ti dẹ́kun iṣẹ́, títí di May 2020, kò sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà dé ibùdó òfurufú àgbáyé yàtọ̀ sí ọkọ̀ Soyuz ti Rọ́ṣíà tó ń gbéra ní Baikonur, ní Kazakhstan. Èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n kọ sára àwọn bọ́tìnnì inú rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń bá ilé ìdarí tó wà ní Korolyov, lẹ́bàá Mọ́sìkò, sọ̀rọ̀. Ará Amẹ́ríkà ni o, ará Japan ni o, ará Ítálì ni o, gbogbo wọn ló ní láti kọ́ ọ kí wọ́n tó jókòó sínú rẹ̀. Títí di òní, kíkọ́ èdè náà wà lára ìmúrasílẹ̀ àwọn tó ń lọ sí ibùdó náà.

Èmi ò lọ síbì kankan. Àmọ́ nígbàkigbà tí Soyuz bá fẹ́ gbéra, mo máa ń tẹ́tí sí ohùn àwọn tó wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ròyìn ara wọn fún àwọn tó wà nílẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ fúnra mi, láìdúró de ògbufọ̀. Ó tó mi.

Olùkọ́_Ìṣirò:

Ọmọ_Ìwé, ẹ kú ìbéèrè. Màá kọ ọ́ gùn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, àwọn ọmọ girama ni mò ń kọ́. N kò tíì dé Rọ́ṣíà rí, n kò sì lè sọ èdè náà bí ẹni tó gbé ibẹ̀. Kíkà ni mo ń kà á, agbára káká sì ni ọjọ́ kan fi ń kọjá tí n kò ní kà á. Ohun tí mo ń kà ni ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń jẹ́ Kvant. Ó kọ́kọ́ jáde ní Mọ́sìkò ní January 1970. Isaak Kikoin, onímọ̀ físíìsì, ni olóòtú àgbà rẹ̀ nígbà náà, Andrey Kolmogorov sì ni igbákejì. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò dá orúkọ kejì yẹn mọ̀: òun ló fi ìpìlẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò títí di òní lélẹ̀ fún ìṣirò ìṣeéṣe, ní 1933. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jókòó, ó ń kọ àpilẹ̀kọ fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá òpè sọ̀rọ̀. Ohun tó gba ọkàn mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé náà ṣe rí. Nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, abala kan wà fún ìbéèrè, ti ìṣirò lọ́tọ̀, ti físíìsì lọ́tọ̀, nọ́ńbà wọn sì ń tẹ̀ léra láti ẹ̀dà kan bọ́ sí èkejì. Àwọn ọmọ ilé ìwé láti ìgbèríko jíjìnnà ilẹ̀ Sófíẹ̀tì ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ nínú lẹ́tà, wọ́n sì ń tẹ orúkọ àwọn tó gbà á jáde. Kì í ṣe irú ìbéèrè tí èèyàn ń fi fọ́múlà já. Wọ́n lè ní kí o gé onígun mẹ́ta kan sí wẹ́wẹ́ kí o tún un tò di nǹkan mìíràn, tàbí kí o fi hàn pé ohun kan kò ṣeé ṣe rárá, bó ti wù kéèyàn gbìyànjú tó. Ọmọ tí kò kọ́ ju ìṣirò kíláàsì rẹ̀ lọ lè lóye ohun tí wọ́n ń béèrè. Bí yóò ṣe gbà á ni kò ní jẹ́ kó sùn. Mo ti fún àwọn ọmọ mi ní irú rẹ̀, mo sì rí ọmọ tó gbé e lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì, tó padà wá ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú pépà tó ti fi pẹ́ńsù kọ kún fọ́fọ́.

Gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ wọ̀nyẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, láti 1990 sí 2001, wọ́n pè é ní Quantum, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n bù nínú ti Rọ́ṣíà, ó sì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyókù, ẹni tó bá fẹ́ ẹ, àfi kó kọ́ èdè náà. Ìdí tèmi nìyẹn. N kò ní òmíràn, òun nìkan ló sì gbé mi dé ibi tí mo dé.

Nígbà tí mo ti ń kà á lọ, mo wá bá àṣà tó bí ìwé náà pàdé. Leningrad, tó ń jẹ́ St. Petersburg lónìí, bẹ̀rẹ̀ ìdíje ìṣirò fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní 1934, Mọ́sìkò tẹ̀ lé e ní 1935. Ohun tó ń bọ́ ìdíje wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní kruzhok: ẹgbẹ́ kékeré tí àwọn ọmọ yunifásítì ń kó àwọn ọmọ girama jọ sí lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí, láìsí máàkì, láìsí ìdánwò. Wọ́n á pín ìbéèrè fún wọn lórí pépà. Ọmọ tó bá rò pé òun ti rí i gbà á nawọ́ sókè, ẹni tó ń kọ́ wọn á wá jókòó tì í, ọmọ náà á sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé látòkèdélẹ̀. Bí àlàyé bá mẹ́hẹ níbì kan, wọn ò ní sọ ìdáhùn fún un. Wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, á sì padà lọ ronú. Mo ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́nu àwọn tó ṣe é, mo sì mú un wọ kíláàsì tèmi. Àwọn ọmọ tí kì í fọhùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìgbádùn òru nìkan ni èdè yìí fún mi. Ó yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà.

Ṣé ó le? Ó le. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè àjèjì kà á mọ́ àwọn èdè tó ń gba nǹkan bí 1,100 wákàtí nínú kíláàsì, fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ipò mẹ́fà ni ọ̀rọ̀-orúkọ ní, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn, ìparí ọ̀rọ̀ sì ń yí padà bó ṣe ń ṣí láti ipò kan sí òmíràn. Ọ̀rọ̀-orúkọ tún pín sí akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwa tí ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í pààrọ̀ aṣọ, àfi ká fi sùúrù gbà á. Kọ́ńsónáǹtì wọn ń tò tẹ̀ léra láìsí fáwẹ̀lì láàárín, ahọ́n wa kò sì mọ irú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ọmọ Yorùbá ti ní ìmọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìwé gírámà tí wọ́n kọ fún elédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní sọ fún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn sábà máa ń wà ní méjì-méjì: ọ̀kan fún ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́ tàbí tí a máa ń ṣe, èkejì fún ohun tí a ṣe parí. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé "mo ń ka ìwé náà" yàtọ̀ sí "mo ti ka ìwé náà tán" ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹgbẹ́ ẹni, òmíràn fún àgbà, ti àgbà náà ni wọ́n sì ń lò fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ rí i pé "ìwọ" àti "ẹ̀yin" wa nìyẹn, a kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wa ní ìgbà tó yẹ ká lo èwo. Sílébù kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tẹ̀ ju ìyókù lọ, ìtumọ̀ sì lè yí padà bí èèyàn bá tẹ èyí tí kò yẹ, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fi àmì sí i nínú ìwé ojoojúmọ́. Ta ló tún mọ ìyẹn ju àwa tí à ń ka Yorùbá tí wọn kò fi àmì ohùn sí lọ? Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ìṣirò kò pọ̀. "Jẹ́ kí", "nígbà náà", "fi hàn pé", "bí ó bá jẹ́ pé", nọ́ńbà, orúkọ àwọn àwòrán. Fọ́múlà kò ní ògbufọ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò tètè máa lóye ojú ìwé odindi, adùn yẹn ni yóò sì mú un fara da gírámà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìtàn àròsọ ńlá dání, mo bá a kẹ́dùn.

Nítorí náà, èmi kò rò pé ìdí tó tóbi ló ń mú èèyàn kọ́ èdè yìí dójú ẹ̀. Ohun tí ẹ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó ronú kan èdè rárá, ni kí ẹ wò. Ṣé ó pọ̀ nínú Rọ́ṣíà, ṣé kò sì sí ní Gẹ̀ẹ́sì? Ẹni tó fẹ́ràn chess kò ní wá jìnnà: láti 1948 títí di 1972, ọmọ Sófíẹ̀tì ni gbogbo ẹni tó gba adé àgbáyé, Botvinnik, Smyslov, Tal, Petrosian, Spassky, àwọn tó ń kọ́ wọn àti àwọn tó bá wọn díje sì fi èdè wọn kọ ìwé rẹpẹtẹ. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ nginx, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó bá béèrè rẹ̀. Igor Sysoev tó kọ ọ́ gbé e jáde ní 2004, èdè Rọ́ṣíà sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí ẹ bá wò ó tí ẹ kò rí nǹkan kan tó jẹ́ tiyín, ẹ má fi agídí kọ́ ọ. Èdè mìíràn ń bẹ.

Dókítà_Voronezh:

Mo gba ọ̀rọ̀ Olùkọ́ wọlé, àmọ́ ọ̀nà tèmi yàtọ̀. Kò sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni mo bá lọ, Voronezh, ìlú kan ní Rọ́ṣíà, ni wọ́n pín mi sí, odindi ọdún kan ni wọ́n sì fi ń kọ́ àjèjì ní èdè kó tó wọ kíláàsì gangan. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní TRKI wà, ìpele mẹ́fà ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì kó sì fi èdè Rọ́ṣíà kẹ́kọ̀ọ́ ní láti dé B1, ìpele kẹta.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní ìṣègùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú irú rẹ̀, ẹ gbọ́ mi: àwọn aláìsàn kò sí nínú ètò yẹn. Tí ẹ bá dé wọ́ọ̀dù, ìyá àgbà tí àyà ń dùn yóò fi Rọ́ṣíà sọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹ ní láti mọ̀ bóyá ìrora náà ń gún un ni, bóyá ó ń ta á bí iná, bóyá ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ọkàn ni tàbí ikùn. Kò sí ẹni tí yóò dúró tì yín máa túmọ̀ rẹ̀ ní aago méjì òru.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí Olùkọ́ mẹ́nu kàn, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pe àgbà ní orúkọ rẹ̀ nìkan. Orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè pọ̀: Anna tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Ivan, Anna Ivanovna. Mo rí ìyá kan tó kọ̀ láti dá dókítà lóhùn láàárọ̀. Nígbà tí mo dé, mo wo orúkọ lára fáìlì, mo pe ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì rọra kí i. Ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní kí n fa àga jókòó, ó sì sọ pé oògùn tí wọ́n fún òun ni òun kò lò, nítorí ó ń mú òun lójú. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà láti máa kí àgbà, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yẹn kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni ti àfọwọ́kọ. Lẹ́tà tí ẹ mọ̀ nínú ìwé, wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fi bírò kọ ọ́. т kékeré á jọ m, д á jọ g, и á jọ u. Fáìlì aláìsàn kún fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Ìdí tó wá mú mi dúró ti èdè náà lẹ́yìn tí mo ṣe tán ni àwọn ọ̀rẹ́ mi. Nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́, ará Vietnam, ará Angola àti ará Syria la jọ ń lo yàrá ìdáná kan. Kò sí èdè kankan tí gbogbo wa gbọ́ àfi Rọ́ṣíà tí a ń kọ́, bó ti wulẹ̀ kí ó wọ́ tó. Òun la fi ń jà, òun la fi ń parí ìjà. Ọ̀rẹ́ mi ará Vietnam ti padà sílé tipẹ́, Rọ́ṣíà la ṣì fi ń bára wa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ikú òbí. Láti 1960 tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Mọ́sìkò fún àwọn ọmọ Áfíríkà, Éṣíà àti Latin Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Patrice Lumumba pè ní 1961, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í ṣe ọmọ Rọ́ṣíà ni èdè náà ti so pọ̀ báyìí.

Ó ku ẹyọ kan, kí n má gbàgbé: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣèlérí iṣẹ́ fún níbẹ̀, kó má fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí kò lè fúnra rẹ̀ kà. Mo bẹ̀ yín.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà:

Ẹ má bínú, mo fẹ́ gba òdìkejì. February 2022 ni Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine. Láti March ọdún yẹn, Visa àti Mastercard ti dá iṣẹ́ wọn dúró níbẹ̀, káàdì tí a ń lò kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Yúróòpù ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ wọn. Ẹni tó ń wá iṣẹ́, mo rò pé Faransé tàbí èdè Ṣáínà yóò tètè ṣe é lóore ju èyí lọ. Ẹ tiẹ̀ gbé owó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń dùn mí pé a jókòó tí à ń yin èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé àwọn èèyàn. Ọmọ_Ìwé, ẹ̀gbọ́n yín tó kìlọ̀ fún yín kò ṣì sọ.

Olùkọ́_Ìṣirò:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ jáde. Lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó, ẹ jàre, n kò ní bá yín jiyàn. Ogun náà burú, n kò sì ní wá ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ni èdè náà. Àwọn ará Kharkiv àti Odesa, ní Ukraine, tí bọ́ǹbù ń bọ́ lù, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé Rọ́ṣíà ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà. Ẹgbẹ́ kan wà ní Mọ́sìkò tó ń jẹ́ Memorial. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kó orúkọ àwọn tí ìjọba Stalin pa tàbí kó lọ sí àgọ́ jọ, kí wọ́n má bàa parun. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí wọ́n pa ẹgbẹ́ náà rẹ́ ní December 2021. Ní 2022, òun wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan láti Ukraine àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan láti Belarus. Èdè Rọ́ṣíà ni àwọn ará Memorial fi kọ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀. Èdè tó wà lẹ́nu aláṣẹ náà ló wà lẹ́nu ẹni tó ń jẹ́rìí sí i. Bí a bá ní ká fi í sílẹ̀ fún aláṣẹ nìkan, ẹlẹ́rìí náà kò ní rí ẹni gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohun kan ni mo gbà lọ́wọ́ yín pátápátá. Ọ̀pọ̀ ará Ukraine ni kò fẹ́ sọ Rọ́ṣíà mọ́ láti ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, títí kan àwọn tó jẹ́ pé òun ni èdè ìyá wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹni tó bá kọ́ èdè yìí, tó sì bá ará Ukraine pàdé, kó kọ́kọ́ béèrè èdè tí onítọ̀hún fẹ́. Kó má kàn la ẹnu sọ Rọ́ṣíà lù ú.

Ará_Ọ̀nà:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì yà mí lẹ́nu pé Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ nìkan lẹ ń mẹ́nu kàn. Èmi tí mo máa ń rìn kiri Àárín Gbùngbùn Éṣíà, ibẹ̀ ni mo ti ń lò ó. Ní Kyrgyzstan, òfin ka Rọ́ṣíà sí èdè ìjọba pẹ̀lú Kyrgyz; ní Kazakhstan, wọ́n ń lò ó ní ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú Kazakh. Ní Almaty tàbí Bishkek, èèyàn lè fi ọjọ́ odindi ra nǹkan, wọ ọkọ̀, gba yàrá, láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ní Tashkent àti Samarkand, ní Uzbekistan náà, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà gbọ́ ọ. Ọ̀nà kúkúrú kan tún wà nínú rẹ̀: lẹ́tà tí ẹ ti kọ́ yẹn, òun ni wọ́n fi ń kọ Kyrgyz, Tajik, Mongolia, Bulgaria àti Macedonia, ẹ ó kàn máa bá àfikún díẹ̀ pàdé níbì kan.

Ẹ má rò pé bákan náà ni níbi gbogbo. Ní Tbilisi, olú ìlú Georgia, àwọn tó ti dàgbà gbọ́ Rọ́ṣíà dáadáa, àwọn ọ̀dọ́ á kúkú fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan á sì bínú. Èmi máa ń fi èdè onílé kí wọn kí n tó béèrè bóyá mo lè sọ Rọ́ṣíà. Mi ò tíì rí ẹni tí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ bí nínú.

Ọmọ_Ìwé:

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo tún un kà. Ẹ̀gbọ́n_Àgbà, màá rántí ọ̀rọ̀ yín, màá sì fi ti Olùkọ́ lórí àwọn ará Ukraine sọ́kàn.

Nígbà tí Olùkọ́ ní ká wo ohun tí a ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, mo bi ara mi, ìdáhùn kan sì jáde tí n kò kọ sínú ìbéèrè mi. Abram Gannibal ni. Ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà èwe, tí wọ́n mú dé ààfin Peter Ńlá, tí ọba náà sì di bàbá ìsàmì rẹ̀. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Faransé, ó di onímọ̀ ẹ̀rọ ológun, ó di ọ̀gágun. Aleksandr Pushkin, akéwì tí wọ́n bí ní 1799, ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ọjọ́ ìbí Pushkin, June 6, ni Àjọ Ìparapọ̀ fi ṣe ọjọ́ èdè Rọ́ṣíà. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn lórí ibi tí wọ́n ti bí Gannibal gan-an, bóyá níhà Ethiopia àti Eritrea ni, bóyá lẹ́bàá Adágún Chad ni. Mo ti ka ohun tí mo rí nípa rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àtúnsọ ọ̀rọ̀ kan náà sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, àti ohun tí àwọn tó bá a gbé kọ nípa rẹ̀. Ṣé ìyẹn tó ìdí? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́_Ìṣirò:

Ó tó, ó tún ṣẹ́kù! Ẹ sì jẹ́ kí n fi kún ayọ̀ yín: Gannibal kọ ìwé lórí jiọ́mẹ́tìrì àti mímọ odi ológun, ní 1725 sí 1726. Iṣẹ́ mi àti ìdí yín ti pàdé níbẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ṣá o. Wọ́n tún àkọtọ́ Rọ́ṣíà ṣe ní 1918, wọ́n sì yọ lẹ́tà bíi mélòó kan kúrò, bíi ѣ àti ѳ, nítorí náà ohun tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn yóò kọ́kọ́ rí bákan lójú yín. Èdè ìgbà ayé Gannibal tilẹ̀ tún jìn sí ti òní. Ìwé tí àwọn onímọ̀ ìtàn òde òní kọ nípa rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀-èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ tó máa ń padà wá nínú ìtàn ìgbésí ayé kò pọ̀ púpọ̀: wọ́n bí i, wọ́n rán an lọ, ó gba oyè, ó kú. Ẹ mú ipò mẹ́fà yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń bá wọn pàdé nínú ìtàn náà. Ohun tí ẹ bá ti lóye tán, ẹ tún lẹ́tà àtijọ́ mẹ́rin márùn-ún yẹn kọ́, kò ní gbà yín lákòókò.

Dókítà_Voronezh:

Tí ẹ bá dé orí àfọwọ́kọ, ẹ fi àwòrán ojú ìwé náà sí ibí yìí. Ti ìgbà Gannibal le ju ti fáìlì wọ́ọ̀dù lọ, ṣùgbọ́n màá bá yín kà á dé ibi tí agbára mi bá mọ.